Ìbòjú Tí Alátáyà Fi Bo Kọ̀ǹpútà

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín pẹ̀lú Alátáyà pẹ́, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ má ṣe: ẹ má sọ fún un pé ó ṣì í. Ẹ lè tapá sí abọ́ omi tó fi ń wá ihò táyà, ẹ lè gbé sìpánà rẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lè jí i lórí bẹ́ǹṣì lọ́sàn-án gangan. Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rín ni yóò fi rín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ó ṣì í, ó ti parí. Yóò wò yín láti òkè délẹ̀, yóò pa ẹnu dé, ọ̀rọ̀ yín á sì wọ inú rẹ̀ lọ síbi tí kò ti ní jáde mọ́.

Báyìí ni ti Ẹnjiníà ṣe wọlé lọ lọ́dún méje sẹ́yìn. Ẹnjiníà ni ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé Alátáyà. Títì nìkan ló là wọ́n láàárín. Lọ́jọ́ náà, ó gbé mọ́tò rẹ̀ wá gba atẹ́gùn. Alátáyà fún un, ó fi géèjì tó ń wọn atẹ́gùn wo táyà, ó ní ó ti pé. Ẹnjiníà náà yọ géèjì kékeré kan láti inú àpò rẹ̀, ó fi wo táyà kan náà, ó sì sọ ọ́ lójú oníbàárà mẹ́ta pé, "Ẹ̀gbọ́n, géèjì yín yìí ń parọ́ o."

Alátáyà ò dúró gbọ́ èkejì. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, bí Ẹnjiníà bá kí i láàárọ̀, ńṣe ló máa ń gbójú sókè bí ẹni tó ń wá òjò. Bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, ẹ̀yìn ilé mẹ́rin ló máa ń yí ká kí ó má baà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u. Ẹnjiníà ní tirẹ̀ ò jáwọ́. Ojoojúmọ́ ló ń nahùn láti òdìkejì títì pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n!" bí ẹni tó ń ju ẹ̀wà mọ́ ògiri, bóyá ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan.

Ìyàwó Alátáyà, Ìyá Ìbejì, oníṣẹ́ mọnogíràmù ni. Àwọn ìbejì ti dàgbà, wọ́n ti bá iṣẹ́ wọn lọ; orúkọ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún òbí wọn. Maṣíìnì ńlá kan wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń fi òwú kọ orúkọ àti òdòdó sára aṣọ. Ṣùgbọ́n maṣíìnì ọ̀hún kì í dá rò ó. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ohun tí yóò kọ fún un. Àwọn tó sì ta ètò mọnogíràmù fún Ìyá Ìbejì ti dè é mọ́ kọ̀ǹpútà yẹn nìkan, wọ́n ní bó bá gbé e sórí òmíràn, kò ní ṣí. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà kan ni tọkọtaya ń lò: ìyàwó láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin, ọkọ láti aago mẹ́rin títí oúnjẹ á fi délẹ̀.

Kí ni ọkùnrin tó ń lẹ táyà ń fi kọ̀ǹpútà ṣe? Eré ni. Eré ìje mọ́tò. Àwọn èèyàn á jókòó sílé wọn káàkiri, oníkálùkù á gbé mọ́tò tirẹ̀ sójú ọ̀nà kan náà lórí afẹ́fẹ́, wọ́n á wá máa lé ara wọn. Alátáyà mọ̀ ọ́n wà, ká má parọ́. Kìkì pé kọ́nà keje ò fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá ti débẹ̀, táyà á yọ̀, mọ́tò á fẹ̀gbẹ́ kan gba etí ọ̀nà, ẹnì kan tó ń jẹ́ Má-wẹ̀yìn á sì kọjá lára rẹ̀ fìn-ín. Má-wẹ̀yìn kì í kọjá kó dákẹ́. Ó máa ń kọ̀wé sí i lójú eré pé, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ lẹ táyà." Kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ń lẹ táyà lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Alátáyà wádìí ọ̀rọ̀ kọ́nà keje bí ẹni tó mọṣẹ́. Ó rí i pé ìwọ̀n atẹ́gùn méjìlélọ́gbọ̀n ni àwọn tó ni eré fún táyà gbogbo mọ́tò, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, kí ìje lè dọ́gba.

"Méjìlélọ́gbọ̀n!" ló ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ tó ń gé òwú. "Ta ló ń fún irú mọ́tò yìí ní méjìlélọ́gbọ̀n? Méjìdínlógójì ni mo ti ń fún wọn láti ogún ọdún, ẹnì kan ò padà wá bú mi. Táyà tó rọ̀ bí ìrọ̀rí ni wọ́n gbé fún wa!"

"Baba Ìbejì, inú kọ̀ǹpútà ni táyà yẹn wà."

"Inú ibi yòówù kó wà. Táyà ni táyà ń jẹ́."

Ó wá lọ bá ẹgbẹ́ awakọ̀ kan tó wà lórí fóònù rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ọ̀rẹ́-Awakọ̀ ti fún un ní ètò kékeré kan, ọ̀fẹ́, tó lè yí atẹ́gùn táyà padà nínú eré láìjẹ́ kí àwọn tó ni eré mọ̀. Alátáyà fi í sí méjìdínlógójì. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe ojóró. Ìgbà wo ni ẹni tó fún táyà látẹ́gùn di olè? Ohun tó wá pani lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò tilẹ̀ wúlò fún un. Tẹ́lẹ̀, etí ọ̀nà ló ń gbá ní kọ́nà keje. Nísinsìnyí, ògiri ló ń lọ fi orí sọ. Ó ní ọ̀nà ni kò dára.

Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ṣí eré, pátákó pupa kan sì yọ sí i lójú. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè rẹ̀ ni pé: A TI LÉ Ọ KÚRÒ NÍNÚ ERÉ YÌÍ NÍTORÍ OJÓRÓ. Ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ nísàlẹ̀, wínníwínní bí ọ̀wọ́ èèrà, ṣùgbọ́n Alátáyà ò kà á débẹ̀. Ó ti rí "ojóró". Ó pa pátákó náà dé bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò tó wá bú u nílé.

Ó fi orúkọ tuntun wọlé. Pátákó pupa. Ó lo ímeèlì ìyàwó rẹ̀. Pátákó pupa. Ó yọ máòsì, ó fi òmíràn sí i. Ó rẹ aṣọ sómi, ó fún un, ó fi nu gbogbo ara kọ̀ǹpútà bí olè tó ń nu àmì ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára àpótí. Ó tilẹ̀ gbé e kúrò ní pálọ̀ lọ sí yàrá, bóyá ibi tó wà ni wọn ò fẹ́. Pátákó pupa bá a dé yàrá.

Ọ̀rẹ́-Awakọ̀ ló là á lóye. "Bàbá, kì í ṣe orúkọ yín ni wọ́n lé," ló kọ sí i. "Kọ̀ǹpútà yín gan-an ni wọ́n lé. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́, bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Ẹ pààrọ̀ orúkọ nígbà ọgọ́rùn-ún, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń wò."

Èyí yé Alátáyà kíákíá. Ẹni tó bá kun mọ́tò tó jí ní ọ̀dà tuntun, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ṣì wà níbẹ̀ tó ń rojọ́.

"Ṣùgbọ́n mo ní oògùn rẹ̀," Ọ̀rẹ́-Awakọ̀ tún kọ ọ́. "Ìbòjú là ń pè é. Yóò pa nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, yóò kọ tuntun sí i. Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín. Lẹ́yìn náà, gbogbo ohun tí Ìbòjú bá béèrè, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

Ọjọ́ Wẹ́sidé ni, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìyá Ìbejì wà ní ìdáná. Alátáyà pa ẹ̀ṣọ́ kọ̀ǹpútà. Ìbòjú béèrè ìbéèrè mọ́kànlá. Ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni nígbà mọ́kànlá, bí ọkọ ìyàwó tó ń kánjú. Kọ̀ǹpútà kú, ó jí, eré ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó kọ́kọ́ rí lójú ọ̀nà ni Má-wẹ̀yìn.

"Mo ti dé o," Alátáyà kọ ọ́.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹni tó ń lẹ táyà."

Wọ́n bú ara wọn dáadáa, wọ́n sì fi àdéhùn sí i: ọjọ́ Sátidé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àwọn méjì péré, ìyípo mẹ́wàá. Alátáyà dìde níbẹ̀ tó ń fò bí ọmọ ọdún méje. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ ló tù ú lára.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Tọ́sidé, Alátáyà ń yọ ìṣó lára táyà kan níta nígbà tí ìyàwó rẹ̀ pè é láti ojú fèrèsé.

"Baba Ìbejì! Ẹ wá wò mí o! Kọ̀ǹpútà yìí ò mọ̀ mí mọ́!"

Ó wọlé tòun ti ìṣó lọ́wọ́. Ètò mọnogíràmù ò ṣí. Ohun tó kọ sójú kọ̀ǹpútà ò ju ìlà kan lọ: Kọ̀ǹpútà yìí kọ́ ni a fún láṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ṣe é fi ṣeré. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló gbé gáùn ọgọ́rin fún Ìyá Ìbejì, pé kó kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí àyà gáùn tirẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ọmọ náà ń jáde. Aago mẹ́rin ọjọ́ Fúráídè ni Mátírọ̀nù, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, ń bọ̀ wá kó o. Ọdún mẹ́rin ni Ìyá Ìbejì fi tọ iṣẹ́ yìí lẹ́yìn kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, Mátírọ̀nù sì ti sọ ọ́ lójú rẹ̀: bó bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ náà ti di ti ẹlòmíràn títí ayé. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti parí. Ó ku mọ́kànléláàádọ́ta.

Alátáyà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tí àwọn eléré fi dá kọ̀ǹpútà mọ̀, òun náà ni àwọn onímọnogíràmù fi dá a mọ̀. Ó ti bo ojú olè, ó bo ti onílé mọ́ ọn. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Òkò tirẹ̀ ò tilẹ̀ dé ọjà rárá, pálọ̀ ló balẹ̀ sí.

"Ṣé mo tẹ nǹkan tí kò yẹ ni?" Ìyá Ìbejì ń bi í.

"Jẹ́ n wò ó," ni Alátáyà wí.

Ó jókòó. Ó fẹ́ yọ Ìbòjú kúrò. Ìbòjú ní bó ṣe ń wọlé, kò ní bó ṣe ń jáde. Ó kọ̀wé sí Ọ̀rẹ́-Awakọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò lọ. Ó wo inú ẹgbẹ́ lórí fóònù. Ọ̀rẹ́-Awakọ̀ ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá ṣí eré wò, bóyá òun náà ti bàjẹ́. Eré ṣí wọ̀ọ̀. Má-wẹ̀yìn ti kọ̀wé sílẹ̀ dè é: "Sátidé o, Bàbá. Ẹ má sá."

Alátáyà yára pa á dé kí ìyàwó rẹ̀ má baà rí i. Èrò burúkú kan sì wá jókòó tì í. Bó bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé ńkọ́? Ṣebí ọjọ́ méjì péré ni.

"Ìyá Ìbejì, ó jọ pé ara kọ̀ǹpútà yìí ò yá. Jẹ́ kó sinmi. Tó bá di Mọ́ńdè, mo máa wá ẹni tó máa wò ó."

"Mọ́ńdè?" Ìyá Ìbejì wò ó. "Ṣé ọjọ́ Mọ́ńdè làwọn nọ́ọ̀sì ń jáde?"

Kò jà. Ì bá sàn ká ní ó jà. Ó mú abẹ́rẹ́ kékeré, ó fi òwú sí i, ó fa gáùn kan sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ orúkọ. Maṣíìnì ńlá yẹn dúró ṣẹẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láti ọdún mẹ́rin, kò sí àárọ̀ kan tí Alátáyà ń lẹ táyà níta tí kò gbọ́ ìró rẹ̀, kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí òjò lórí páànù. Ó jáde lọ síbi táyà rẹ̀. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ó gbìyànjú láti lẹ ihò kan, ó lẹ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ihò wà.

Ní aago mẹ́wàá, ó wọlé wá mu omi. Ìyá Ìbejì ti parí orúkọ kan ààbọ̀. Ó ti fi abẹ́rẹ́ gún ìka, ó ń fi ètè fà á kí ẹ̀jẹ̀ má baà kan gáùn funfun.

"Mo rò ó pé kí n pe Mátírọ̀nù," ló wí láìgbójú sókè. "Kí n jẹ́wọ́ fún un pé mo ti ba maṣíìnì jẹ́. Bóyá mo tẹ nǹkan kan lánàá. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."

Alátáyà gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀ láìmu. Bí obìnrin yìí bá bú u, ì bá bú u padà, ọ̀rọ̀ á dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ rù, ó tún ń fi ojú ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.

"Má pe ẹnikẹ́ni," ló wí. Ó fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ, ó gbé e sáyà, ó jáde.

Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni láti ẹnu ọ̀nà Alátáyà dé ṣọ́ọ̀bù Ẹnjiníà. Ọdún méje ló fi rìn ín. Ó dé àárín títì, ó dúró. Kẹ̀kẹ́ kan fọn fèrè mọ́ ọn, ó tún rìn. Ẹnjiníà jókòó sẹ́yìn tábìlì onígíláàsì, ó da inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn síta bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì. Ó gbójú sókè, ó rí ẹni tó dé. Kò ṣe bí ẹni pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n."

Alátáyà gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ sórí tábìlì. "Káàárọ̀."

Irin tó wà lọ́wọ́ Ẹnjiníà bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Má jẹ́ kí n padà o."

"Ẹ jókòó, ẹ jókòó! Àga rèé. Ẹ má padà o jàre."

Ẹnjiníà so kọ̀ǹpútà mọ́ iná, ó tẹ ìhín, ó tẹ ọ̀hún, ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà yìí ń parọ́ o."

Alátáyà fò dìde bí ẹni tí kòkòrò ta. Ẹnjiníà na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ dákun! Nípa orúkọ ara rẹ̀ ló ń parọ́, mi ò bá géèjì wí! Ta ló fi Ìbòjú sí i?"

Ọ̀rọ̀ di jíjẹ́wọ́. Alátáyà sọ ti kọ́nà keje, ó sọ ti Má-wẹ̀yìn, ó sọ ti méjìlélọ́gbọ̀n àti méjìdínlógójì, ó sọ ti pátákó pupa. Ẹnjiníà ń gbọ́, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde.

"Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí ló ní kí ẹ pa ẹ̀ṣọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ sì pa á?"

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é."

"Bí ẹnì kan bá ránṣẹ́ sí yín pé òun ń bọ̀ nílé yín, kí ẹ so ajá mọ́lẹ̀ dè òun, ṣé àga lẹ máa gbé fún un? Ẹ wò ó níbí. Gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ ní Ìbòjú yìí ń kó ránṣẹ́ sí ẹni tó fún yín. Gbogbo ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ fi ń ṣílẹ̀kùn nǹkan, tiyín àti ti ìyàwó yín, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyẹn ló wá jí, eré kàn jẹ́ ìdẹ ni."

Ẹnjiníà wá fà sún mọ́ ọn.

"Mo lè yọ ọ́. Mo tún lè dá nọ́ńbà àtijọ́ padà, mọnogíràmù á sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí mo bá dá a padà, àwọn eléré náà á mọ̀ ọ́n."

"Ṣé kò sí bí ìyàwó mi ṣe lè wọlé kí èmi náà wọlé?"

"Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ẹ̀gbọ́n. Kọ́kọ́rọ́ kan ni."

Alátáyà rí Má-wẹ̀yìn lójú inú, tó ń dúró dè é ní aago márùn-ún Sátidé, tó ń kọ ọ́ pé, "Mo mọ̀ pé ẹ máa sá." Kò sì ní lè fèsì láéláé. Ìkẹyìn ọ̀rọ̀ á wà lọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan nìkan ló lè mọ bí ìyẹn ti korò tó. Ó wo òdìkejì títì. Láti ibi tó jókòó, ó ń rí fèrèsé ilé rẹ̀, ó sì ń rí orí ìyàwó rẹ̀ tó tẹ̀ síwájú lórí gáùn.

"Dá a padà," ló wí.

"Ó dáa. Nọ́ńbà ọ̀hún dà?"

"Ṣebí inú rẹ̀ ló wà?"

"Ìbòjú ti pa á rẹ́. Àmọ́ wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páálí tí wọ́n fi dì í wá. Ṣé páálí yẹn ṣì wà?"

Páálí wà. Abẹ́ maṣíìnì ló wà, ibẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ń kó òwú sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà. Alátáyà sáré padà sọdá, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀, ó fa páálí jáde, ó da òwú sílẹ̀ gbà-à: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ń yí lọ sábẹ́ àga.

"Baba Ìbejì! Orí yín pé bí?"

"Kì í ṣe ìwọ lo bà á jẹ́," ni Alátáyà wí lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni. Wọ́n lé mi nínú eré, mo fi ìbòjú bo kọ̀ǹpútà kí wọ́n má baà mọ̀ mí. Ìwọ ni kò wá mọ̀ mọ́."

"Kí lẹ ṣe tí wọ́n fi lé yín?"

"Mo fún táyà látẹ́gùn."

"Táyà wo?"

"Ti inú kọ̀ǹpútà."

Ìyá Ìbejì fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó wò ó títí, bí ẹni tó ń wo aṣọ tó rà tó wá ń wá ibi tó ti ya. "Ẹ ti lẹ ti ìta tán, ó wá ku ti inú kọ̀ǹpútà. Àti pé ẹ jẹ́ kí n máa bú ojú ara mi láti àárọ̀! Ẹ dìde. Tí maṣíìnì yìí bá dún tán, màá fẹnu ba ọ̀rọ̀ yìí. Ibo lẹ ń gbé páálí lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà."

Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì pa á dé títí tí ọkọ rẹ̀ fi sọdá títì.

Nọ́ńbà wà lára páálí lóòótọ́, òwú pupa kan ti ṣí àwọ̀ sí i lára díẹ̀. Alátáyà ń kà á sókè, Ẹnjiníà ń tẹ̀ ẹ́. Kí aago méjìlá tó lù, kọ̀ǹpútà ti padà sórí tábìlì rẹ̀. Ìyá Ìbejì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ètò mọnogíràmù ṣí bí ẹni tó jí lójú oorun, maṣíìnì sì bẹ̀rẹ̀: kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́. Alátáyà fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Ẹnjiníà, tó bá a sọdá, tọ́ka sí igun kọ̀ǹpútà. "Àwọn eléré yín ti kọ̀wé o. Àti ti tẹ́lẹ̀, àti tuntun. Ṣé ẹ ka ti tẹ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀?"

"Ta ní í ka èébú dé ìsàlẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ n kà á fún yín." Ẹnjiníà tẹ̀ síwájú. "'A ti lé ọ kúrò nínú eré yìí nítorí ojóró. Ọgọ́ta ọjọ́ ni ìyà rẹ. Bí ọgọ́ta ọjọ́ bá pé, kọ̀ǹpútà rẹ lè padà wọlé.' Tuntun rèé: 'A rí i pé o pa nọ́ńbà kọ̀ǹpútà rẹ dà láti gba ẹ̀yìn wọlé. Ọgọ́ta ọjọ́ ti di títí láé.'"

"Ọgọ́ta ọjọ́," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ẹni tó bá èèyàn yodì fún ọdún méje, ọgọ́ta ọjọ́ ni kò lè dúró."

Ẹnjiníà ní òun gbàgbé nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó jáde kíá. Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti àárín títì.

Ní aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ọjọ́ Fúráídè, Alátáyà fúnra rẹ̀ ló ń ká gáùn ìkẹyìn. Mátírọ̀nù dé, ó ka gáùn, ó pé ọgọ́rin. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó ní ti ọmọ yìí yàtọ̀ sí tàwọn yòókù, ó jọ pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá Ìbejì wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ojú ọ̀run.

"Ó wù mí bẹ́ẹ̀," ni Mátírọ̀nù wí. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn rí báyìí."

Nígbà tó di aago márùn-ún ọjọ́ Sátidé, wákàtí tí Má-wẹ̀yìn ń dúró, Alátáyà ò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Ó yí kọ̀ǹpútà po lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló rántí pé Ẹnjiníà ò gba nǹkan kan fún iṣẹ́ rẹ̀; ohun kan ṣoṣo ló béèrè, pé kí ẹ̀gbọ́n gbé géèjì yẹn wá lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ó mú géèjì, ó sọdá.

Ẹnjiníà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀ tó wà níta. Alátáyà fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún táyà látẹ́gùn, bó ti ń ṣe láti ogún ọdún, títí ara rẹ̀ fi sọ fún un pé ó ti tó. Ó fi géèjì rẹ̀ wò ó: méjìdínlógójì. Ẹnjiníà fi tirẹ̀ wò ó: méjìlélọ́gbọ̀n. Ó lọ yá ẹ̀kẹta lọ́wọ́ awakọ̀ kan tó ń kọjá: méjìlélọ́gbọ̀n. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó fi ìwé tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn hàn án, ibi tí wọ́n kọ iye tó yẹ táyà náà sí. Méjìlélọ́gbọ̀n.

Alátáyà wo géèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ká ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ ìdí àpótí aṣọ rẹ̀.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún," ló bẹ̀rẹ̀, kò sì parí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n parí èyí tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà," ni Ẹnjiníà wí. "Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, géèjì yín yìí ń parọ́ o.' Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ ni pé, 'Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín kì í parọ́.' Táyà mi pé rẹ́gí lọ́jọ́ náà, bó ti pé lónìí. Kò sí ẹlòmíràn ládùúgbò yìí tó lè fi ọwọ́ lásán mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ ò dúró gbọ́ ọ ni. Ẹ ti wọlé, ẹ ti ti ilẹ̀kùn."

Ọdún méje ń kọjá lójú Alátáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yìn ilé mẹ́rin tó fi ẹsẹ̀ yí ká nítorí búrẹ́dì. Ó ju géèjì sínú garawa ìdọ̀tí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó fa àga Ẹnjiníà síta, ó jókòó.

"Ó yẹ kí o máa yára sọ̀rọ̀ ni," ló wí.